Ẹlẹ́dẹ̀ Igbó, Ọrun àti Ọfà: Ọ̀rọ̀ Tí A Bá Àwọn Àgbẹ̀ àti Ọdẹ Sọ

  Ọ̀rọ̀ ẹranko kan ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹranko náà, bí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tilẹ̀ tí ì fi ojú kàn án rí. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó ni.

Ẹ wò ó. Ènìyàn á kọ ebè, á gbin iṣu, á ri igi sí i kí ó lè fà, á ro ó lẹ́ẹ̀kan, á tún un ro. Iṣu á ta. Ní òru ọjọ́ kan, agbo ẹlẹ́dẹ̀ igbó á wọ inú oko náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ti fi imú tú ebè láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n jẹ ẹ́ tán ni, ì bá sàn díẹ̀. Rárá o. Wọ́n á bu iṣu kan jẹ, wọ́n á fi í sílẹ̀, wọ́n á bọ́ sí ebè mìíràn. Èyí tí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀ lè pọ̀ ju èyí tí wọ́n jẹ lọ. Ẹni tí ó yá owó fi dá oko náà, kí ni yóò fi san gbèsè? Nítorí náà ni a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ọdẹ lásán. Àwọn àgbà ní ìmàdò ì bá ṣe bí ẹlẹ́dẹ̀, ìlú ni ì bá bàjẹ́. Àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yẹn ti rí ebè tó tú.

Oríṣi méjì ni a mọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ti inú igbó ni túùkú. Àwọn kan ń pè é ní túrùkú. Irun rẹ̀ pupa bí ilẹ̀ amọ̀, ìlà funfun kan gba orí ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, etí rẹ̀ gùn, irun sì ṣù sí ṣóńṣó etí náà. Òru ni ó fẹ́ràn láti máa jẹ̀. Nínú agbo kan, a lè rí 6 títí dé 20. Akọ tó dàgbà lè wọn 100 kílò tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀. Èkejì ni ìmàdò. Pápá ọ̀dàn ni tirẹ̀, irú èyí tí ó wà ní Òkè-Ògùn àti ní ìhà Borgu. Irun ara rẹ̀ kò pọ̀, orí rẹ̀ tóbi, kókó yọ ní ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀, eyín rẹ̀ sì ká jáde bí dòjé. Ọ̀sán ni ìmàdò ń jẹ̀. Bí oòrùn bá wọ̀, inú ihò ni ó ń sùn. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe òun ló gbẹ́ ihò náà, ẹranko mìíràn tó ń wú ilé ikán ló gbẹ́ ẹ tì. Ìdí ni ìmàdò fi ń wọ inú rẹ̀, kí orí rẹ̀ lè kọjú síta. Ẹ rántí èyí o. Ọ̀dọ́ tó bá lọ yọjú sí ẹnu ihò ní àṣálẹ́, eyín ni yóò kọ́kọ́ pàdé.

Àwọn kan yóò bi wá pé, "Ní ayé ìbọn yìí, kí ni a tún ń fi ọrun ṣe?" Ìbéèrè gidi ni. Ìbọn ni ọ̀pọ̀ ọdẹ wa ń gbé lónìí, ṣakabùlà sì ti pa ìmàdò púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ìbọn ń ṣe. Bí ó bá dún lẹ́ẹ̀kan, agbo á fọ́n ká, gbogbo igbó á sì mọ̀ pé ọdẹ wà níbẹ̀. Owó ni ètù. Ọta tó bá kọjá lára ẹran kò mọ ibi tí yóò dúró sí, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà oko ni àwọn ọmọ wa ń gbà lọ gba omi. Àwọn abúlé kan ti sunkún ẹni tí ọdẹ rò lóru pé ẹranko ni. Ọfà kò ní ariwo, kì í sì í lọ jìnnà. Ẹni tó fẹ́ ta á gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹran títí yóò fi rí irun ara rẹ̀. Ẹni tó sún mọ́ tó bẹ́ẹ̀ kò lè ṣi ènìyàn pè ní ìmàdò.

A kò sọ pé kí ẹ ju ìbọn nù. Ohun tí a rí ni pé ẹni tó mọ iṣẹ́ ọrun mọ igbó ju ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé ìró ìbọn lọ. Kí ìbọn tó pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọrun wà lọ́wọ́ ọdẹ, ó wà lọ́wọ́ jagunjagun. Àwọn Ìbàrìbá tí wọ́n bá wa pààlà, ọfà ni wọ́n fi lókìkí. Ọ̀ṣọ́ọ̀sì tí wọ́n ń bọ ní Kétu, ọrun àti ọfà ni àmì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú kọjá òkun, wọn kò gbàgbé rẹ̀. Ní Bahia ní ilẹ̀ Brazil, Oxóssi ni wọ́n ń kọ orúkọ náà, wọ́n sì ń pe ọrun òun ọfà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ofá títí di òní. Ní Cuba, Ochosi ni. Ẹ kò rí nǹkan! Ohun tí àwa ilé fẹ́ gbàgbé, àwọn ará òkèèrè ṣì ń pè é lórúkọ.

Ọrun tí a ń sọ yìí kì í ṣe ti ọmọdé. Igi tó le tó sì ń tẹ̀ láìṣẹ́ ni a fi ń ṣe é. A á gbẹ́ ẹ tẹ́ẹ́rẹ́ sí orí méjèèjì, a á jẹ́ kí àárín rẹ̀ nípọn. Ọsán ni okùn rẹ̀. A lè fi awọ ẹran tí a lọ́ ṣe é, a sì lè fi okùn tí a hun ṣe é. Ẹ máa yẹ ọsán wò kí ẹ tó jáde nílé. Ẹ mọ ohun tí àwọn baba wa sọ: ọsán já, ọrun dọ̀pá. Bí ó bá já níwájú ìmàdò tó gbọgbẹ́, ọ̀pá náà kò ní gbà yín. Bí ẹ bá sì padà délé, ẹ tú ọsán kúrò, kí igi náà sinmi. Ọrun tí ó wà ní títẹ̀ tọ̀sán-tòru, agbára rẹ̀ á tán.

Ọfà gbọ́dọ̀ tọ́. Ẹ gbé e sí ojú kan, ẹ wò ó láti ìdí dé orí. Bí ó bá wọ́, ẹ fi iná yá a, kí ẹ rọra tọ́ ọ. Ẹnu irin rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú bí abẹ ìfárí. Èyí ṣe pàtàkì ju agbára apá lọ. Ìbọn ń fọ́ egungun, ọfà ń gé ẹran ara ni. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà ni ó ń pa ẹran, ọfà tó kújú kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dà. Ìyà lásán ni ó ń fi jẹ ẹran.

Oró ńkọ́? Àwọn ará àtijọ́ a máa fi oró sí ẹnu ọfà. Èyí tó lókìkí jù ní apá ibi tiwa ni èyí tí wọ́n ń rí láti inú èso igi àti ìtàkùn tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Strophanthus. Ọkàn ẹran ni oró náà ń dá dúró. Ọkàn ènìyàn kò sì yàtọ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n gbé irú oró bẹ́ẹ̀ láti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Edinburgh ní ilẹ̀ Scotland. Dókítà kan tó ń jẹ́ Thomas Fraser yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé ìwọ̀n kékeré rẹ̀ lè ran ọkàn tó ń ṣàìsàn lọ́wọ́, wọ́n sì sọ ọ́ di oògùn. Oògùn ni lọ́wọ́ dókítà. Lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ìwọ̀n, ikú ni. Nítorí náà a kò ní kọ́ ẹnikẹ́ni níbí bí a ti ń sè é, a sì bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe fi ọfà olóró sí inú ilé tí ọmọ wà. Ọfà tó mú, tí a ta láti ìtòsí, kò nílò oró.

Láti ìtòsí! Ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ náà wà. Ẹsẹ̀ ló ń pa ẹlẹ́dẹ̀ igbó, ọrun kàn ń parí iṣẹ́ ni.

Ojú ẹlẹ́dẹ̀ igbó kò ríran dáadáa. Bí ẹ bá dúró jẹ́ẹ́ láìmira, ó lè kọjú sí yín kí ó má mọ̀ pé ènìyàn ni yín. Etí rẹ̀ gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n imú rẹ̀! Imú tó ń gbọ́ òórùn iṣu lábẹ́ ilẹ̀, ṣé kò ní gbọ́ ti ọdẹ tó fi ọṣẹ olóòórùn wẹ̀, tó tún ń mu sìgá bọ̀ lọ́nà? Nítorí náà afẹ́fẹ́ ni ọ̀gá yín. Ẹ di eérú díẹ̀ sínú àkísà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ so ó mọ́ ìbàdí. Bí ẹ bá rìn díẹ̀, ẹ fi ìka ta á. Eérú á fò, ẹ ó sì rí ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ. Bí ó bá ń ti ọ̀dọ̀ ẹran bọ̀ wá sí ojú yín, ẹ máa lọ. Bí ó bá ń ti ẹ̀yìn yín lọ sọ́dọ̀ ẹran, ẹ dúró, ẹ yí ká, bí yíyí náà tilẹ̀ máa gbà yín ní wákàtí kan gbáko. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ ń ti ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn wá. Nígbà òjò, láti ìhà òkun ni ó ń ti ń fẹ́ bọ̀. Ẹni tó mọ èyí ti mọ ẹ̀gbẹ́ tí yóò gbà wọ oko kí ó tó kúrò nílé. Ní ọ̀sán gangan, nígbà tí ilẹ̀ bá ti gbóná, afẹ́fẹ́ á máa yí kiri bí ọmọ tí kò rí ìyá rẹ̀. Ìgbà yẹn kò dára. Kùtùkùtù òwúrọ̀ dára, ìrọ̀lẹ́ náà dára, bí ó bá ku ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ nílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà, ẹ mọ̀ pé lẹ́tà kan ṣoṣo kò tó láti mọ ọ̀rọ̀. A á to lẹ́tà pọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ṣe ń ka ilẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ igbó fẹ̀, orí pátákò rẹ̀ ṣe róbótó; ti ẹtu kéré, ó sì ṣe ṣóńṣó. Nínú ẹrẹ̀, pátákò kékeré méjì tó wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ túùkú náà á tẹ ilẹ̀. Ìyẹn lẹ́tà kan. Bí etí ojú ẹsẹ̀ náà bá mú ṣáṣá, tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sun sínú rẹ̀, ẹran kò jìnnà. Bí aláǹtakùn bá ti ta okùn kọjá lórí rẹ̀, ó ti pẹ́. Ẹ wo erùpẹ̀ tí wọ́n fi imú tú. Bí ó bá ṣì dúdú tó sì tutù, òní ni wọ́n tú u. Bí oòrùn bá ti gbẹ ẹ́ tó funfun, ẹ máa bá tiyín lọ. Ẹ wá àbàtà tí wọ́n ti ń yí nínú ẹrẹ̀. Bí ẹlẹ́dẹ̀ bá yí tán, á lọ fi ara ha igi. Ẹrẹ̀ ara igi náà á sọ bí ó ti ga tó fún yín. Bí ẹ bá fi ọwọ́ kàn án tó ṣì tutù, ẹ yọ ọfà kan nínú apó, kí ẹ má sì sọ̀rọ̀ mọ́.

Ìrìn ọdẹ kì í ṣe ìrìn ọjà. Ẹ gbé ìgbésẹ̀ kan, kí ẹ dúró, kí ẹ wò. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi kan ilẹ̀, kí ẹ mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ igi gbígbẹ, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò, kí ẹ wá ibòmíràn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewé gbígbẹ á máa dún pẹẹrẹpẹ lábẹ́ ẹsẹ̀. Lẹ́yìn òjò, ilẹ̀ á rọ̀, ẹsẹ̀ kò ní dún, ojú ẹsẹ̀ ẹran náà á sì hàn kedere. Àwa fẹ́ràn òwúrọ̀ tí òjò rọ̀ mọ́jú ju gbogbo ìgbà yòókù lọ. Ẹ kó kọ́kọ́rọ́ àti owó onírin kúrò lápò. Ẹ pa fóònù. Kò sí ohun tó burú tó kí àna ẹni máa pe ni lórí fóònù nígbà tí túùkú wà níwájú.

Ẹ má fi ọwọ́ kan ibi tí ojú yín kò rí. Paramọ́lẹ̀ kì í sá fún ènìyàn, ibi tó bá dùbúlẹ̀ sí ni yóò wà. Bí ejò bá bu ènìyàn jẹ, ẹ má fi abẹ gé ojú rẹ̀, ẹ má fi ẹnu fà á. Ẹ jẹ́ kí ẹni náà dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ní abẹ́rẹ́ oró ejò. Ẹ ti mọ èyí tó wà nítòsí yín kí ọjọ́ náà tó pé.

Bí ẹ bá ti rí ẹran, ẹ máa rìn nígbà tí orí rẹ̀ bá wà nílẹ̀ tó ń jẹun. Bí ó bá gbé orí sókè, ẹ dúró bí ẹ ti wà, bí ẹsẹ̀ kan tilẹ̀ wà lókè. Ìmàdò máa ń kúnlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ iwájú bí ó bá ń jẹ koríko kúkúrú. Pápá tí wọ́n sun, tí koríko tútù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù níbẹ̀, ni ẹ ó ti rí i bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá kúnlẹ̀ ni kí ẹ sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ má gbójú kúrò lára àwọn yòókù nínú agbo. Ẹni tó ń wo ẹyọ kan ṣoṣo, òmíràn tí kò rí ni yóò ké, gbogbo wọn á sì gbé ìrù sókè bí àsíá, ó di ìgbà. Ìmàdò ń sáré tó 50 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹsẹ̀ ènìyàn kò lè bá a.

Bí ẹ bá rí abo tó ní ọmọ lẹ́yìn, ẹ fi í sílẹ̀. Ọmọ túùkú ní ìlà gbọọrọ lára, kò ṣòro láti mọ̀. Ìyá wọn ń gbé oyún fún nǹkan bí oṣù 4, bí ẹ bá pa á, ebi ni yóò pa àwọn ọmọ náà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò sí ẹranko tó burú ju ìyá ọlọ́mọ lọ.

Ibo ni kí a ti ta á? Àwa wí pé 20 ìgbésẹ̀, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. 15 sàn jù. Bí ó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀, ẹran á gbọ́ ìró ọsán, á ti yí ara padà kí ọfà tó dé, ibi tí ẹ fojú sùn kọ́ ni yóò bà. Ẹ má ta ẹran tó kọjú sí yín. Orí rẹ̀ le, ọfà á ta yọ̀. Ẹ dúró kí ó fi ẹ̀gbẹ́ hàn, tàbí kí ó yí ẹ̀yìn díẹ̀ sí yín, kí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ sún síwájú. Ẹ̀yìn ìgúnpá rẹ̀ gan-an, ní ìsàlẹ̀ ju bí ẹ ti rò lọ, ni ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wà. Ẹ̀ṣẹ̀ tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ máa ń dá ni pé wọ́n ń ta á sí àárín ikùn, nítorí ibẹ̀ ló tóbi. Ìfun ló wà níbẹ̀. Èjìká akọ àgbà náà kò dára, awọ ibẹ̀ nípọn. Bí ohun gbogbo kò bá rí bí a ti wí, ẹ má ta. Ọdẹ tó bá padà wálé lọ́wọ́ òfo ń bẹ láàyè láti lọ lọ́la.

Ẹ ti ta á, ó bà á. Ẹ má kígbe, ẹ má sáré! Ibí yìí ni ìwà ọdẹ ti ń hàn. Ẹran tí a kò lé á sáré díẹ̀, á dúró, á dùbúlẹ̀. Èyí tí a lé á lọ títí ìlú kejì. Ẹ fi ojú sàmì sí ibi tó dúró sí àti igi tó gbà kọjá, kí ẹ jókòó fún ìdajì wákàtí. Lẹ́yìn náà ẹ lọ wo ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá pupa fòò tó ní ìfófó, ẹ̀dọ̀fóró ni. Ẹran ti kú sí tòsí. Bí ó bá pupa dúdú, ẹ̀dọ̀ ni. Ẹ dúró fún wákàtí 2 sí i. Bí ẹ bá rí oúnjẹ tútù nínú ẹ̀jẹ̀, tí ó ń rùn, ìfun ni ẹ bà. Ẹ padà sẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ dúró fún wákàtí 5 tàbí 6. A mọ̀ pé ó ṣòro. Ẹ máa já ewé kọ́ ẹ̀ka igi níbi tí ẹ bá ti rí ẹ̀jẹ̀ kẹ́yìn, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ dé. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ lọ sílé, ẹ padà wá láàárọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá nìkan tọ ẹlẹ́dẹ̀ tó gbọgbẹ́ wọ inú igbó dídí. Kí ẹ jẹ́ méjì. Kí ẹnì kan máa wo ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀, kí ẹnì kejì máa wo iwájú, kí ọfà wà lórí ọsán. Eyín ìsàlẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ igbó ń ha eyín òkè ní gbogbo ìgbà tó bá ń jẹun, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń pọ́n ara rẹ̀. Itan ènìyàn ni eyín náà ga tó, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kan sì gba inú itan kọjá. Bí ó bá gé e, ẹni náà lè kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ ká aṣọ mọ́ ojú ọgbẹ́ náà, kí ẹ fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́, kí ẹ má ṣí i wò, kí ẹ sì wá ọ̀nà dé ilé ìwòsàn. Ẹgbẹ́ ọdẹ tí kò bá ní aṣọ mímọ́ nínú àpò kò tí ì ṣe tán láti jáde.

Bóyá ẹ rò pé kò sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe irú nǹkan báyìí mọ́ láyé. Ó wà. Ní ilẹ̀ Tanzania, ní ẹ̀bá adágún Eyasi, àwọn ènìyàn kan wà tí wọ́n ń jẹ́ Hadza. Wọ́n ju 1,000 lọ díẹ̀. Díẹ̀ nínú wọn ṣì ń fi ọrun àti ọfà wá oúnjẹ òòjọ́ wọn, ìmàdò sì wà lára ẹran tí wọ́n ń pa. Láti kékeré ni ọmọkùnrin wọn ti ń ní ọrun tirẹ̀. Àwọn ọkùnrin a máa dá rìn nínú igbó lọ́sàn-án. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á lọ lúgọ ní méjì-méjì sí ẹ̀bá omi lóru, kí òùngbẹ lé ẹran wá bá wọn. Àwọn obìnrin wọn ń wa iṣu inú igbó. Ẹyẹ kan tilẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń ké pè wọ́n lọ sí ibi tí oyin wà. Ìyọnu wọn ni pé àwọn àgbẹ̀ àti àwọn darandaran ń gba ilẹ̀ náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní ọdún 2011, ìjọba Tanzania fún àwọn kan nínú wọn ní ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ ní àfonífojì Yaeda. Ìwé ló gba ilẹ̀ ọdẹ sílẹ̀ fún wọn, ẹ ṣe àkíyèsí ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ òfin nìyí ní ṣókí. Igbó ìjọba kì í ṣe igbó ọdẹ. Ọgbà ẹranko ti Ọ̀yọ́-Ilé, tí ìjọba àpapọ̀ sọ di ọgbà orílẹ̀-èdè ní ọdún 1991, kò sí ẹni tó láṣẹ láti ta ọfà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Kainji. Pé ọrun kò ní ariwo kì í ṣe àwáwí níwájú adájọ́. Ẹ kọ́kọ́ lọ bi àwọn òṣìṣẹ́ igbó ní agbègbè yín nípa ẹran tí òfin dáàbò bò àti ìwé àṣẹ tí ẹ nílò. Inú oko tiyín náà, ẹ sọ fún àwọn alábàágbé oko kí ẹ tó lúgọ, kí wọ́n mọ ẹ̀gbẹ́ tí ẹ wà.

Mùsùlùmí kì í jẹ ẹran yìí, a kò sì sọ pé kí ó jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n oko Mùsùlùmí pẹ̀lú ní iṣu. Ó lè bá ẹgbẹ́ ọdẹ ṣọ́ oko, kí àwọn yòókù pín ẹran.

Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́, kí ó sè é jinná dé egungun. Kòkòrò wà nínú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ igbó tó lè wọ ara ènìyàn bí kò bá jinná, èéfín lásán kò sì tó láti pa á. Àrùn kan tún wà tí a fẹ́ kí àwọn tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ nílé fi etí sí dáadáa. Ibà ẹlẹ́dẹ̀ ti ilẹ̀ Áfíríkà ni. Kì í ṣe ènìyàn ní nǹkan kan. Ìmàdò àti túùkú lè gbé e sára kí ara wọn dá ṣáṣá. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ ilé, ó lè pa gbogbo wọn láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sì ní oògùn tó ń wò ó sàn. Ní ọdún 1997 ó jà ní orílẹ̀-èdè Benin, ó sì wọ Nàìjíríà. Ní ọdún 2020 ó tún jà ní Òkè-Àró, níbi tí wọ́n ti ń sin ẹlẹ́dẹ̀ púpọ̀ ní ààlà Èkó àti Ògùn, ọ̀pọ̀ ìdílé sì pàdánù gbogbo ohun tí wọ́n ní.

Nítorí náà, inú igbó ni kí ẹ ti kun ẹran náà. Ìfun, ẹ̀jẹ̀ àti awọ tí ẹ kò lò, ẹ gbẹ́ ihò jíjìn kí ẹ sin ín, kí ajá má baà wú u. Ẹ má fi ìkankan bọ́ ẹlẹ́dẹ̀ ilé, àní omi tí ẹ fi ṣan ẹran náà. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ọ̀bẹ, ọfà, àpò àti bàtà yín, kí ẹ pààrọ̀ aṣọ, kí ẹ tó dé ẹnu ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ ẹnikẹ́ni.